Ẹ Bi Ìyá Oníwèé: Ìyá oníbúrẹ́dì abẹ́ igi furúùtù

Lẹ́tà mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ láíbìrì ni mo mú lóṣù yìí. Èyí àkọ́kọ́ ló gùn jù, òun náà ni mo sì fi àyè tó pọ̀ jù dá lóhùn, torí ilé tí wọn ò tíì kọ́ ló dá lé. Àwòrán ṣì ṣeé túnṣe. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n bá ti tò, owó ńlá ni títú u palẹ̀.

*Ìyá Oníwèé, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa níhìn-ín ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ àdúgbò tó wà lókè òkun dáwó jọ, wọ́n ní kí a fi kọ́ láíbìrì ìgbàlódé. A ti rí ilẹ̀, pulọ́ọ̀tì kan àtààbọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kékeré wa. Ìjà wá dé. Àwọn àgbà ní ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni láíbìrì, kí a kó ìwé kún un dé àjà. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a fi gbọ̀ngàn sí i, kí a máa fi gbowó lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́ ṣe ìnáwó. Àkítẹ́ẹ̀tì ti ya àwòrán wá: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, gíláàsì ni gbogbo iwájú rẹ̀, ìwé wà lókè, ọ́fíìsì wà nísàlẹ̀. Ó wuyì lójú. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí a ṣe? (Akọ̀wé, Ìdí-Àbà)*

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ka lẹ́tà yín. Inú mi dùn, àyà mi sì já díẹ̀, torí mo ti rí láíbìrì tó rẹwà tó jẹ́ pé ẹyẹ ló ń gbé inú rẹ̀. Kí n tó fọwọ́ kan àwòrán yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ láíbìrì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní ọ̀kan nínú àwọn ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, ìyá kan wà tó ń ta búrẹ́dì. Lọ́sàn-án, bí oòrùn bá ti mú, á gbé àtẹ rẹ̀ wá sábẹ́ igi furúùtù tó wà nínú ọgbà wa, á jókòó sórí gbòǹgbò igi náà, á máa wo ẹnu ọ̀nà wa. Mo rò pé ó ń dúró de ẹnìkan ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó jáde lọ bá a. Mo ní, "Ìyá, ẹ ò ṣe wọlé?" Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n fi sìlípáàsì yìí wọ ibẹ̀?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, "Mo sì rí i pé wọ́n ń kọ orúkọ lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ ọ́n kọ."

Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń kọjá níwájú ìwé ìforúkọsílẹ̀ yẹn láràárọ̀. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé ó ń lé ẹnikẹ́ni padà.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń yẹ àwòrán láíbìrì wò: ìyá oníbúrẹ́dì yẹn ńkọ́? Ẹni tó ti mọ̀wé, tó ti mọ láíbìrì, bó ti wù kí ẹ kọ́ ọ, á wá. Ẹni tí kò tíì wọ ibẹ̀ rí ni kí ẹ kọ́ ọ fún. Ojú rẹ̀ ni mo fi wo àwòrán yín, ohun tí mo sì rí ni ilẹ̀kùn gíláàsì kan, pẹ̀lú ọ́fíìsì ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀, àti àtẹ̀gùn tí èèyàn gbọ́dọ̀ gùn kó tó fojú kan ìwé kan ṣoṣo. Á padà sábẹ́ igi rẹ̀ ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ilé. Ẹ ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta, kó gba iwájú ilé já. Bí agbo ilé àwọn baba wa ṣe rí náà nìyẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àlejò kọ́kọ́ ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń gbọ́ àlọ́, kò sì sẹ́ni tó ń bi ọ́ léèrè pé kí lo wá ṣe lọ́dẹ̀dẹ̀. Ẹ gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀ àti omi mímu. Ẹ lẹ ìwé ìròyìn ọjọ́ náà mọ́ pátákó. Ẹ ṣe ibi tí wọ́n ti lè ṣájì fóònù. Kí ẹni tó ń bọ̀ láti ọjà lè jókòó síbẹ̀ láìwọlé, láìkọ orúkọ, láìsí pé mẹ́gáàdì kankan béèrè ohun tó wà nínú àpò rẹ̀. Bó bá jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lọ́jọ́ kan á yọjú wo fèrèsé, á rí àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín nínú ilé.

Ilẹ̀ Abẹ́òkúta kì í tẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí ilẹ̀ inú ilé bá fi 60 sẹ̀ǹtímítà ga ju ti ìta lọ, ẹ má ṣe àtẹ̀gùn nìkan. Ẹ ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga oníkẹ̀kẹ́ lè gbà, tí ìyá àgbà elórúnkún dídùn náà lè gbà. Ìlànà rẹ̀ ni pé bí ó bá fi ẹsẹ̀ kan ga, kó fi ẹsẹ̀ 12 gùn. Fún 60 sẹ̀ǹtímítà, ó di mítà méje ó lé díẹ̀. Àyè ńlá nìyẹn lórí pulọ́ọ̀tì kan àtààbọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ yà á sójú àwòrán látìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi kún un lẹ́yìn, gígan ló máa ń gan, tí èèyàn á fi máa yọ̀ lórí rẹ̀ nígbà òjò.

Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọjà yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ilẹ̀ ibi tó pa rọ́rọ́ pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ní Tower Hamlets, ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ lọ sí àwọn láíbìrì àtijọ́ wọn mọ́. Wọ́n bi àwọn ará àdúgbò léèrè, wọ́n sì gbọ́ pé kí wọ́n gbé e wá síbi tí àwọn ti ń rajà. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tuntun, Idea Store. Èyí àkọ́kọ́ ṣí ní 2002. Èyí tó wà ní Whitechapel ṣí ní 2005, lẹ́bàá títì tí wọ́n ti ń pàtẹ ọjà gan-an. David Adjaye, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, ló ya ilé náà, ìwé àti kíláàsì àwọn àgbà sì jọ wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n wá kiri kí wọ́n tó rí i, ẹ̀yin ti ní in.

Ní ti ìjà àwọn àgbà àti àwọn ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má yan ọ̀kan. Ilé kan náà lè gba ariwo, kó sì gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹ bá tò wọ́n bó ṣe yẹ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí ariwo ti pọ̀ jù. Bí èèyàn bá wọlé, kó kọ́kọ́ bá àyè àwọn ọmọdé àti tábìlì ẹni tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ pàdé. Kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ni ṣẹ́ẹ̀fù, kí ẹ tò wọ́n dábùú ilé, torí ìwé tó tò jọ máa ń gba ohùn mu. Ẹ̀yìn pátápátá, níbi tó jìnnà sí ọjà jù, ni kí yàrá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà, kó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ọmọ tó ń múra WAEC sílẹ̀ á jókòó síbẹ̀, kò sì ní gbọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń ké "a, b, d" níwájú. Ẹ má sì gbàgbé òjò. Òjò orí páànù lásán máa ń pa ohùn olùkọ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí àjà wà, kí àlàfo tí atẹ́gùn lè gbà wà láàárín àjà àti páànù. Á gba ariwo òjò, á tún gba ooru.

Gbọ̀ngàn ńkọ́? Ẹ fi sí i. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ gbọ̀ngàn ìpàdé, kó má jẹ́ ti ìnáwó. Mo mọ̀ pé owó wà nínú ìnáwó. Mo tún mọ ohun tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn onígbéyàwó máa ṣe sí ọmọ tó fẹ́ kàwé ní Sátidé, Sátidé gan-an sì ni ọmọ náà ráyè. Ẹ ṣe yàrá kan tó gba nǹkan bí ọgọ́ta àga, àga tó ṣeé ká jọ. Ẹ fún un ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ láti ìta, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbi tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè dé nígbà tí láíbìrì bá ti tì. Ìpàdé àwọn oníṣọ̀nà, ìpàdé ìyálọ́jà, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, ẹ̀kọ́ alẹ́, gbogbo rẹ̀ ló máa gbà.

Mo ní ìdí tí mo fi dúró lórí yàrá ìpàdé yìí. Ní 1944, nílùú wa yìí, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ń darí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ lẹ́tà ni wọ́n ń sọ ohun tójú wọn ń rí fún ara wọn: ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́nà, owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ọjà sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ títí di oṣù kìíní 1949 tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀ fún ìgbà kan. Kíláàsì ìwé kíkà ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà yín bá ní láíbìrì kì í ṣe ibi ìpàdé, ẹ rán wọn létí àwọn ìyá wọn.

Ó kù ọ̀rọ̀ ilé fúnra rẹ̀. Ẹ bi àkítẹ́ẹ̀tì yín léèrè: apá ibo ni gíláàsì yẹn kọjú sí? Láíbìrì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ìwọ̀-oòrùn ni fèrèsé ńlá rẹ̀ kọjú sí. Bó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán, gbogbo àga apá ibẹ̀ á dá, àwọn ọmọ á wá fún ara wọn sí apá kejì. Ìwé tó jẹ́ pupa nígbà tí a rà á, kí ọdún méjì tó pé ó ti ṣá, àtè ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ, ewé ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí fèrèsé pọ̀ níbẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbà á já. Ìhà ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, ògiri ni kó pọ̀ níbẹ̀. Kí páànù yọ dáadáa kọjá ògiri. Bí ẹ bá fẹ́ gíláàsì dandan, ẹ fi sí apá àríwá, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìwé lókè, ọ́fíìsì nísàlẹ̀: ẹ yí i padà. Ìwé wúwo ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Nínú ìlànà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ṣírò ilé, yàrá tí èèyàn ti ń jókòó kàwé gbọ́dọ̀ lè gbé nǹkan bí 300 kílò lórí mítà kan níbùú lóròó, ṣùgbọ́n ibi tí ṣẹ́ẹ̀fù tò sí gbọ́dọ̀ gbé ju 700 lọ. Ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ni. Irin àti kọ́ńkéré dẹ́kì yín á le ju ti ilé gbígbé lọ, owó rẹ̀ náà á sì ga. Ilẹ̀ lásán ń gbé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ tèmi, n ò tilẹ̀ ní kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rárá. Ilé ilẹ̀ kan tó gbòòrò, tí gbogbo igun rẹ̀ hàn látorí àga ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, òṣìṣẹ́ méjì ló máa tó o. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á gbà mẹ́rin.

Ikán. Ẹ dákun, ẹ kà á dáadáa. Ní ọdún kan, lẹ́yìn òjò, mo na ọwọ́ mú ìwé kan lórí ṣẹ́ẹ̀fù pákó tí wọ́n gbé ti ògiri. Ẹ̀yìn ìwé náà dúró ṣinṣin, àkọlé rẹ̀ ń dán. Páálí rẹ̀ nìkan ló tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Erùpẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Mo fa ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, erùpẹ̀. Gbogbo ìlà náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, erùpẹ̀ ni. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún níwájú àwọn ọmọ iléèwé. Nítorí náà, kí wọ́n tó da kọ́ńkéré ìpìlẹ̀, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa oògùn ikán kó fín ilẹ̀ náà. Ṣẹ́ẹ̀fù irin ni kí ẹ rà. Kí àlàfo ọwọ́ kan wà láàárín ṣẹ́ẹ̀fù àti ògiri, kí ẹ lè máa tan tọ́ọ̀ṣì wo ibẹ̀, kí atẹ́gùn sì lè gbabẹ̀, torí bí ọ̀rinrin inú atẹ́gùn bá ti kọjá 65 nínú ọgọ́rùn-ún tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, èébu á bẹ̀rẹ̀ sí í hù sára ìwé.

Fáànù ti tó fún yín. Fáànù àjà kan ń jẹ nǹkan bí 70 wáàtì. Ẹ̀sì kan, ẹ̀rọ amúlétutù, lè jẹ 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sólà tí kò lè gbé ẹ̀sì méjì fún ọjọ́ kan á gbé gbogbo fáànù àti gílóòbù yín dalẹ́. Dídalẹ́ yẹn ṣe pàtàkì. Láíbìrì tó ń tì ní aago mẹ́rin, kò sí oníṣòwò kankan tó máa rí inú rẹ̀. Ẹ ṣí i di aago mẹ́jọ alẹ́, kódà bó bá jẹ́ pé aago kọkànlá àárọ̀ ni ẹ tó máa ṣí i.

Ní ìkẹyìn, owó. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ra búlọ́ọ̀kù. Èmi á ya ìdá kan nínú mẹ́ta sọ́tọ̀ kí bíríkìlà tó dé, fún owó oṣù, ìwé tuntun àti àtúnṣe ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sókè òkun, ẹ ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n á lóye. Kí ẹ má sì gba owó ìwọlé. Ìwé ìkéde tí àjọ UNESCO gbé jáde lórí láíbìrì ìlú, tí wọ́n tún ṣe ní 1994 àti ní 2022, dúró lórí rẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ló yẹ kó jẹ́. Náírà kékeré tí ẹ bá ní kí ìyá oníbúrẹ́dì san, yóò fi ra omi fún ọmọ rẹ̀ ni.

*Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ìwé mẹ́fà ni mo sì kà. Ọmọ mi mú mi lọ sí láíbìrì kan lọ́dún tó kọjá. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé ibẹ̀. Mo kàn jókòó, mo ń wo fáànù títí ó fi ṣe tán. Ẹ máa ń ní ti gbogbo èèyàn ni láíbìrì. Kí ló kàn mí níbẹ̀? (Aláàdìrẹ, Ìtòkú)*

Ìyá aláàdìrẹ mi, ọ̀rọ̀ yín dùn mí wọra, ẹ̀bi rẹ̀ kò sì sí lọ́rùn yín. Abẹ́òkúta yìí kan náà ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní 1859. Èdè wa ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á, títí wọ́n fi dá a dúró ní 1867 nígbà Ìfọ́lé, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ìlú tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kò yẹ kí obìnrin kan jókòó sí láíbìrì ibẹ̀ kó máa wo fáànù.

Nínú láíbìrì tí mò ń rò, ṣẹ́ẹ̀fù Yorùbá ló máa kọ́kọ́ pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà, kò ní sí ní kọ̀rọ̀. Àwọn ìwé tó ní lẹ́tà ńlá wà níbẹ̀ fún ojú àgbà. Ìwé tí wọ́n kà sínú ẹ̀rọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ẹ lè fi etí yín gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń di àdìrẹ oníko lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ jù lọ, ẹ̀yin lẹ máa mú un wá. Ta ló mọ gbogbo orúkọ àwọn iṣẹ́ tí àwọn ìyá yín ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún? Aṣọ Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Àwọn yòókù ńkọ́, tó jẹ́ pé ìyá kan tàbí méjì ló kù tó lè pè wọ́n lórúkọ? Kí láíbìrì gba pélébé aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rán an mọ́ páálí, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n gba ohùn ìyá tó yà á sílẹ̀. Ìwé nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.

Ní Helsinki, olú-ìlú Finland, wọ́n ṣí láíbìrì kan tí wọ́n ń pè ní Oodi ní oṣù kejìlá 2018, ní ọ̀kánkán ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Àjà mẹ́ta ló ní. Òkè pátápátá ni ìwé wà. Nínú àjà àárín, ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀ tí ará ìlú lè jókòó tì kó rán aṣọ rẹ̀. Bí wọ́n bá lè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí láíbìrì níbi tí yìnyín ti ń bọ́, a lè tẹ́ tábìlì gígùn kan síwájú tiwa tí ẹ ó ti máa kọ́ àwọn ọmọdébìnrin ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Kí àwọn náà sì kọ́ yín bí ẹ ṣe lè fi fóònù ta á fún oníbàárà tó wà ní Kánádà.

Nígbà míì tí ọmọ yín bá mú yín lọ, ẹ bi wọ́n ní tábìlì pé, "Èwo ló jẹ́ ti Yorùbá?" Ẹ bi wọ́n ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ. Ohun tí kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀, wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Mo mọ̀, torí èmi ni mo máa ń kọ ìwé náà.

*Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo fẹ́ kà ló wà lórí fóònù mi. Ṣé owó kò ní ṣòfò tí wọ́n bá tún ń kọ́ láíbìrì lóde òní? (Ọmọ ọdún 19, Ìbarà)*

Ọmọ mi, mi ò bínú. Jẹ́ kí n bi ọ́: nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí fóònù rẹ ku ìdá mẹ́wàá, níbo lo ti ń kàwé? Dátà ọ̀sẹ̀ kan, èló lo ń rà á? Láti 2015 ni JAMB ti di orí kọ̀ǹpútà pátápátá, síbẹ̀ mo mọ àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ìka wọn kọ́kọ́ kan máòsì. Ìyẹn nìkan tó láti kọ́ ọ.

Wàá fẹ́ràn eléyìí: ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Kiwix, ọ̀fẹ́ ni. Ó ń jẹ́ kí èèyàn kó Wikipedia lódindi sórí kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí gbogbo fóònù tó wà nínú ilé náà á sì lè kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí dátà. Bí o bá mọ nǹkan kọ̀ǹpútà bí mo ṣe fura, lọ bá àwọn ará Ìdí-Àbà tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ yìí. Wọ́n á nílò ẹni tó máa tò ó fún wọn.

*Ìyá, ṣé kí a gbà kí wọ́n máa jẹun nínú láíbìrì? (Olùkọ́ kan, Aké)*

Omi tó ní ìdérí, níbikíbi. Oúnjẹ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan, kí bàsíà ìfọwọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀rún oúnjẹ ló ń pe aáyán àti eku sáàárín ṣẹ́ẹ̀fù, bí wọ́n bá sì jẹ ẹ́ tán, wọ́n á bọ́ sórí àtè ìwé. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, kí ẹ má fi pákó kọ "A Ò GBỌDỌ̀" mọ́ ògiri.

Ìyá oníbúrẹ́dì yẹn, ọjọ́bọ̀ kan ló wọlé. Mo ti gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé àtẹ rẹ̀ lé orí tábìlì mi, ó bọ́ sìlípáàsì sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní kó má bọ́ ọ, ó sì jókòó sí àyè àwọn ọmọdé torí ibẹ̀ ló sún mọ́ ilẹ̀kùn jù. Ìwé ABD kan ló mú. Nígbà tó lọ, mo rí i pé àtàǹpàkò rẹ̀ ti fi bọ́tà sára ojú ewé lẹ́tà D. Ọ̀gá mi nígbà náà ní kí n yọ ìwé náà kúrò nílẹ̀, pé ó ti dọ̀tí. Mi ò yọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo lọ wò ó níbi tó wà. Bọ́tà náà ti gbẹ, ó ti jẹ́ kí ojú ìwé ibẹ̀ mọ́ bí gíláàsì, àwọn ìka kéékèèké míì sì ti pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.